Owó Dókítà: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí À Ń Gbà San Án, Láti Ìkòyí-Ilé

Ẹni tó bá ti gbé ọmọ tí ibà ń ṣe wọ ilé ìwòsàn aládàáni rí mọ bí ìnáwó ibẹ̀ ṣe ń lọ. Á sanwó káàdì, á sanwó kí dókítà tó wo ọmọ, á sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, á sanwó abẹ́rẹ́, á sanwó omi tí wọ́n fà sí ọmọ lára, bí ilẹ̀ bá sì ṣú síbẹ̀, á sanwó ibùsùn. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Bí a ṣe ń sanwó fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yìí ló gbilẹ̀ jù ní Nàìjíríà, nítorí pé nínú gbogbo owó tí à ń ná sórí ìlera lórílẹ̀-èdè yìí, èyí tó lé ní ìdá 70 nínú 100 ló ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn tàbí ti ẹbí rẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ilé ìwòsàn. Ọ̀nà mìíràn pọ̀, a sì ti dán púpọ̀ nínú wọn wò nílẹ̀ Yorùbá níbí àti ní ìtòsí wa. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí tó lè gbé dókítà dé Ìkòyí-Ilé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, kó sì jẹ́ kó dúró síbẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé kò nílò àlàyé gígùn lórí ìdí tí ọ̀nà ìsanwó fi ṣe pàtàkì. Bó bá gba alágbàṣe láti kọ ebè iṣu, tó sì ń sanwó lórí iye ebè, ebè á pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè kéré jù fún iṣu. Bó bá ń sanwó ọjọ́, ebè á tóbi dáadáa, ṣùgbọ́n oòrùn á ti wọ̀ kí wọ́n tó kọ ìwọ̀n tó yẹ. Bó bá ní ó di ìgbà ìkórè kí òun tó sanwó, alágbàṣe á béèrè pé bí òjò kò bá wá rọ̀ ńkọ́. Àríyànjiyàn kan náà ló wà nídìí owó dókítà. Àwọn dókítà ti búra kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ju ohun tí owó wọn tó lọ. Síbẹ̀ ènìyàn ni wọ́n, ilé ìwòsàn wọn náà gbọ́dọ̀ ra epo jẹnẹrétọ̀, kó sanwó nọ́ọ̀sì, kó ra ìbọ̀wọ́. Ibi tí owó bá ti ń wọlé ni iṣẹ́ máa ń tẹ̀ sí.

Sísanwó fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ire tirẹ̀, kò sì yẹ ká fi í pamọ́. Dókítà tó ń gba owó lórí iṣẹ́ tó bá ṣe kì í lé aláìsàn. Ó máa ń jí lóru bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn. Kò sí pé ó di ọjọ́ Ajé. Ibi tí ó ti burú ni pé gbogbo èrè wà nínú ṣíṣe, kò sí èrè kankan nínú àìṣe. Ìdí nìyẹn tí omi tí wọ́n ń fà sára fi di ìtọ́jú gbogbo ara rírẹ̀, tí abẹ́rẹ́ fi ń gba ipò oògùn oníhóró tí ìbá tó. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ìdajì wákàtí tí dókítà fi jókòó ṣàlàyé fún ìyá arúgbó bí yóò ṣe dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ẹni tí kò bá lówó kì í wọlé rárá. Aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ á dúró kí ọkọ rẹ̀ lọ wá ẹni tí yóò yá a lówó, ìwọ̀nba wákàtí tí a fi lè gbà á là á sì ti kọjá lórí ìrìn náà.

Owó oṣù ni ọ̀nà kejì, ó sì ti pẹ́ lágbègbè wa ju bí a ṣe ń rò lọ. Nígbà tí Dókítà George Green, oníṣègùn òyìnbó tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti gúúsù Amẹ́ríkà rán wá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907, kì í ṣe aláìsàn ló ń bọ́ ọ. Àwọn tó rán an níṣẹ́ ló ń bọ́ ọ. Bó fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, bó fún un ní ẹyọ kan, bákan náà ni owó tirẹ̀. Ilé ìwòsàn tó jáde láti inú iṣẹ́ náà ló di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Bowen ní 2009. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN gbàjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1979, tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n mú wá dúró lórí ìpìlẹ̀ kan náà: aláìsàn kò sanwó, ìjọba ń san owó oṣù dókítà. Àwọn àgbà tó rántí ìgbà náà ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Wọ́n ń rántí èrò tó kún ilé ìwòsàn àti oògùn tó ń tán pẹ̀lú.

Owó oṣù kì í ti dókítà láti ṣe àṣejù, ìwà rere rẹ̀ nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò tì í láti ṣe ohunkóhun. Ẹni tó rí aláìsàn 10 lóòjọ́ àti ẹni tó rí 60 ń gba iye kan náà lópin oṣù, ẹni tó rí 60 yóò sì máa ronú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà ìjọba fi ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà mìíràn kí iṣẹ́ ìjọba tó parí pàápàá. Ìjọba ológun ti fi òfin dè é ní 1984. Òfin náà kò mú un tán. Kò lè mú un tán, nítorí àìtó owó ló ń lé wọn lọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2010 ni àtẹ owó oṣù tí wọ́n ń pè ní CONMESS ti ń darí owó àwọn dókítà ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé e bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ohun kan wà lára rẹ̀ tí mo máa ń rántí tí inú mi sì máa ń bàjẹ́. Títí di òpin 2021, owó ewu iṣẹ́ tí dókítà ìjọba àpapọ̀ ń gbà lóṣù jẹ́ 5,000 náírà. Yàtọ̀ sí àfikún fún ìgbà díẹ̀ lásìkò kòrónà, iye yẹn ni orílẹ̀-èdè yìí fi lé ẹ̀mí àwọn tó dojú kọ Ẹ́bólà ní 2014. Ó di oṣù Kejìlá 2021 kí wọ́n tó sọ ọ́ di 32,000 sí 40,000, lẹ́yìn tí àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ àkànṣe, àwọn ẹgbẹ́ NARD, ti yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n wà lára ohun tí wọ́n ń jà fún.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó múlé tì wá kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tó le jù. Láti àárín 2015 títí di 2018, ìjọba ibẹ̀ pín owó oṣù sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn òṣìṣẹ́ kékeré gba ẹ̀kún, àwọn tó wà láàárín gba ìdá 75 nínú 100, àwọn tó wà ní ipele 12 sókè sì gba ìlàjì. Ipele òkè yẹn ni àwọn dókítà wà. Bí dókítà bá ń gba ìlàjì owó, a ò lè máa bá a jiyàn lórí bóyá owó oṣù ni ọ̀nà tó dára jù láti fi san án. Owó tí kò bá dé kò ní ọ̀nà kankan nínú. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo àríyànjiyàn tó kù, nítorí gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nísàlẹ̀ yìí ni àìdé owó ti bà jẹ́ níbì kan.

Ọ̀nà kẹta ni kí a sanwó lórí iye ènìyàn, yálà ara wọn yá tàbí wọn kò yá. Kapitéṣọ̀n ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń pè é. Ènìyàn á forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n á sì máa san iye kan fún ilé ìwòsàn náà lóṣooṣù lórí rẹ̀, ṣáájú àìsàn. Bí kò bá wá rárá lóṣù yẹn, owó ti wọlé. Bó bá wá lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí àfikún.

Ìtàn kan wà láti Amẹ́ríkà tó fi ohun tí ọ̀nà yìí lè ṣe hàn kedere. Ní 1933, dókítà ọ̀dọ́ kan, Sidney Garfield, kọ́ ilé ìwòsàn kékeré sínú aṣálẹ̀ Mojave ní California, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ti ń la ojú omi lọ sí Los Angeles. Ó ń gba owó lórí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ń fi owó náà falẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gbèsè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa san sẹ́ǹtì 5 lóòjọ́ lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí owó náà sì máa ṣáájú. Láti ọjọ́ yẹn ni dókítà yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọ̀gá iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí wọn yóò ṣe dènà ìpalára. Ẹsẹ̀ tí ìṣó gún ti ń mówó wọlé fún un tẹ́lẹ̀. Ó wá di ohun tó ń jẹ owó rẹ̀. Mi ò rí ẹ̀rí mìíràn tó tó èyí láti fi hàn pé ọ̀nà ìsanwó lè yí ohun tí dókítà ń fojú sí padà láìyí ìwà rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo irú rẹ̀ fún àwọn dókítà àdúgbò láti ìgbà òfin 1911, wọ́n sì gbé e wọ inú ètò ìlera NHS wọn ní 1948. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí Manchester mọ̀ ọ́n: ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà kan, kò sì sẹ́ni tí yóò bi yín léèrè owó nígbà tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà.

Nílé níbí, àbá adójútòfò ìlera ti wà láti 1962, nígbà tí Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí jẹ́ mínísítà ìlera. Ó gba ọdún 37 kí òfin NHIS, ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, tó jáde ní 1999, ó sì di oṣù Kẹfà 2005 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kapitéṣọ̀n ni wọ́n yàn fún ìtọ́jú ìpele àkọ́kọ́. Bí àìsàn bá ju agbára ilé ìwòsàn ìpele àkọ́kọ́ lọ, wọ́n á gba kóòdù lọ́wọ́ HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá ètò náà bójú tó owó, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé aláìsàn lọ á sì gba owó lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye kapitéṣọ̀n náà dúró sí 750 náírà lóṣù lórí ènìyàn kan. Owó epo lọ sókè, dọ́là lọ sókè, owó oògùn lọ sókè, 750 kò lọ síbì kankan. Ní oṣù Kẹrin 2025 ni NHIA, tí òfin 2022 fi rọ́pò NHIS, gbé e dé 1,450, ó sì fi ìdá 378 nínú 100 kún owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2005 sí 2025 ni kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kapitéṣọ̀n bíi pé òun ni ojútùú gbogbo ìṣòro wa lọ wò. Ẹni tó bá ti lo káàdì NHIS mọ ìlà tí wọ́n ń tò sí, ìlà tó ń pẹ́ ju ti àwọn tó ń san owó lọ́wọ́ lọ. Ó mọ gbólóhùn náà pé oògùn yìí kò sí, ẹ lọ rà á níta. Bí owó bá ti wọlé ṣáájú tí kò sì tó, ìṣe díẹ̀ ni èrè wà nínú rẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé ìṣe púpọ̀ ni èrè wà nínú rẹ̀ nígbà tí à ń san án lọ́kọ̀ọ̀kan. Àléébù méjèèjì dojú kọ ara wọn. Ilé ìwòsàn á tún fẹ́ ti aláìsàn sí ìpele kejì kíákíá, nítorí ẹlòmíràn ni yóò sanwó ibẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Kapitéṣọ̀n kì í dé ọwọ́ dókítà. Oníléèwòsàn ni wọ́n ń san án fún. Dókítà ọ̀dọ́ tó ń wo aláìsàn níbẹ̀ ń gba owó oṣù, tàbí kí ó máa gba owó lórí alẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wá ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi lókọ́ọ̀mù, ìyẹn dókítà adelé. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé ọ̀nà yìí yóò mú kí dókítà máa dènà àìsàn, a gbọ́dọ̀ béèrè dókítà wo. Garfield ni oníléèwòsàn, òun náà ni dókítà. Dókítà lókọ́ọ̀mù tó wá láti Ìlọrin fún alẹ́ Ẹtì kò mọ iye orúkọ tó wà nínú ìwé, kò sì kàn án.

Orílẹ̀-èdè Gánà lọ jìnnà jù wá lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ṣubú. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kapitéṣọ̀n ní ẹkùn Ashanti nìkan, láti fi dán an wò. Àwọn olùtọ́jú ní owó kéré. Àwọn ará ìlú, tó ti mọ́ lára láti lọ sí ilé ìwòsàn tó bá wù wọ́n, gbà pé wọ́n so wọ́n mọ́ ibì kan. Ibi tí ó ti wá bàjẹ́ ni ti òṣèlú: ẹkùn tí ẹgbẹ́ alátakò ti lágbára jù ni wọ́n yàn, àwọn ènìyàn sì ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ àwọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbàjọba, wọ́n dá a dúró ní 2017. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ mọ ìṣirò dáadáa. Wọn kò fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún ìyálọ́jà tó ń ta tòmátì ní Kumasi.

Lórí sísanwó fún àìsàn kan látòkèdélẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tó wà lábẹ́ Medicare, ètò adójútòfò ìlera ìjọba wọn, ní 1983: iye kan fún iṣẹ́ abẹ kíndìnrín, iye kan fún àrùn ẹ̀dọ̀fóró, bó ti wù kí ó pẹ́ tó lórí ibùsùn. Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í tètè lọ sílé. Gánà náà gbé irú rẹ̀ wọlé ní 2008. Ó wúlò fún ilé ìwòsàn ńlá tó ní àkọsílẹ̀ tó péye. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó ń fi ọwọ́ kọ orúkọ sínú ìwé kò tíì débẹ̀.

Èyí tó fà mí mọ́ra jù ni sísanwó fún iṣẹ́ tó yọrí. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ wa ló ń gba díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí ọpẹ́ ńlá sì ń dé nígbà tí ara bá yá. Rwanda sọ ọ́ di ètò ìjọba ní 2006. Wọ́n ń san àfikún owó fún ilé ìwòsàn lórí iye aboyún tó bímọ níbẹ̀, lórí ọmọ tí wọ́n ṣàyẹ̀wò, lórí ọ̀pọ̀ nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2011 fi hàn pé ìbímọ ní ilé ìwòsàn fi ìdá 23 nínú 100 lọ sókè níbi tí ètò náà wà. Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára tó pé kò yí padà.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí Nàìjíríà ti dán irú rẹ̀ wò, pẹ̀lú Adamawa àti Nasarawa, pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, ní òpin 2011. Ilé ìwòsàn á ka iṣẹ́ tó ṣe, àwọn mìíràn á wá yẹ ìwé wò, wọ́n á sì lọ sí ilé àwọn kan lára àwọn aláìsàn láti mọ̀ bóyá wọ́n wà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni owó á dé, àwọn òṣìṣẹ́ sì lè pín tó ìdajì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú iṣẹ́ yìí ni bí wọ́n ṣe ṣètò ìwádìí rẹ̀. Wọ́n mú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn láwọn ìpínlẹ̀ mẹ́ta náà, wọ́n fún àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ní ìdajì iye owó náà, tààrà sí báńkì wọn, láìka iṣẹ́ kankan, láìsí àfikún fún òṣìṣẹ́. Wọ́n kàn ní kí wọ́n fi tún ilé ìwòsàn ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò, àwọn tó gba ìdajì owó láìsí àfikún ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwọn tó gba gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ìbímọ ní ilé ìwòsàn ni àfikún ti fi ìyàtọ̀ tó ṣe kedere hàn. Fún èmi, ohun tí èyí ń sọ ni pé nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kì í ṣe ọ̀lẹ tó ń dúró de àfikún kó tó ṣiṣẹ́. Kò ní omi ni. Kò ní ìbọ̀wọ́, kò ní oògùn, iná kò sí. Ẹ fún un ní owó tó lè ná láìkọ lẹ́tà sí Ìbàdàn, á ṣiṣẹ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kẹ́kọ̀ọ́ tó jọ ìyẹn. Ní 2004 wọ́n gbé ètò kan jáde tó ń fi pọ́ìǹtì 1,050 wọn iṣẹ́ àwọn dókítà àdúgbò, tí pọ́ìǹtì kọ̀ọ̀kan sì ní owó tirẹ̀. Àwọn dókítà kó pọ́ìǹtì jọ ju bí ìjọba ṣe rò lọ. Ohun tí wọ́n ń kà lọ sókè, èyí tí wọn kò kà kò rí bẹ́ẹ̀. Scotland pa á tì ní 2016.

Oǹdó tún ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn. Lábẹ́ gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, lẹ́yìn ètò Abíyè tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, wọ́n wo àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìbímọ ni oúnjẹ wọn. Bí ìjọba bá ní kí wọ́n máa rán aboyún lọ sí ilé ìwòsàn, oúnjẹ wọn ni ìjọba ń gbà. Nínú ètò Agbẹ̀bíyè, wọ́n wá fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ń di owó lórí aboyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá. Ìyàtọ̀ wà láàárín kíkìlọ̀ fún ènìyàn àti kíkà á sí.

Kwara tó wà lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2007, ètò adójútòfò ìlera fún àwọn ará oko bẹ̀rẹ̀ ní Shonga, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ láti Netherlands, ilé iṣẹ́ adójútòfò Hygeia ló sì darí rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ará ìlú ń san lọ́dún nígbà náà, owó ìrànlọ́wọ́ ń san èyí tó pọ̀ jù. Ìwádìí tó jáde ní 2014 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó wà ní agbègbè ètò náà wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ, bíi ìlọ́po méjì. Ìyẹn tó láti dá àwọn tó ń sọ pé ará oko kò ní lóye adójútòfò lóhùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé owó ìrànlọ́wọ́ kì í wà títí láé.

Kí ló wá yẹ Ìkòyí-Ilé? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ìṣirò. Kapitéṣọ̀n nílò orúkọ tó pọ̀. Bí ènìyàn 200 péré bá forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, 1,450 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 290,000 náírà lóṣù. Ẹ yọ owó epo, ẹ yọ oògùn ibà, ẹ yọ owó oṣù nọ́ọ̀sì kan àti awakọ̀ tó ń kó àjẹsára, kò sí ohun tó kù fún dókítà. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn kan lè ní orúkọ 5,000, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò lè dá dókítà dúró ní ìlú kékeré, nítorí iye tó lè sanwó kò pọ̀. Nítorí náà, owó oṣù gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn lọ. Dókítà tó gbà láti gbé ìgbèríko ń fi ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀kọ́ àkànṣe falẹ̀. Iye kan náà tí a ń san fún ẹni tó jókòó sí Ring Road ní Ìbàdàn kò bá a dọ́gba. Bí kò bá sí dókítà tó lè gbé ibẹ̀ pátápátá, kí ẹnì kan máa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀, kí wọ́n sì sanwó ọjọ́ yẹn fún un, kí ó wo àwọn tí nọ́ọ̀sì ti yà sọ́tọ̀.

Lórí ìpìlẹ̀ yẹn ni kí a gbé owó tó ń dé ilé ìwòsàn tààrà lé. Òfin ìlera ti 2014 ti yọ ìdá 1 nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún èyí: ìdajì rẹ̀ fún adójútòfò, ìdá 45 fún àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé, ìdá 5 fún pàjáwìrì. Ó gba ọdún mẹ́rin kí owó náà tó wọ ìṣúná, 55 bílíọ̀nù náírà ní 2018. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ń gba nǹkan bíi 300,000 náírà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àjọ tirẹ̀, OYSHIA, tó ń bójú tó adójútòfò àwọn ará ìpínlẹ̀. Ohun tí Oǹdó kọ́ wa ni pé owó yìí, bó ti kéré tó, ń ṣe iṣẹ́ tó ju iye rẹ̀ lọ bí ó bá dé lásìkò, tí olórí ilé ìwòsàn àti ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù bá jọ lágbára lórí rẹ̀. Mo fẹ́ kí a fi iye tó dé, ọjọ́ tó dé àti ohun tí a fi rà lẹ ara ògiri, lédè Yorùbá, níbi tí ìyá tó ń dúró de abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ lè ti kà á.

Àfikún fún iṣẹ́ tó yọrí, ìbímọ nìkan ni mo fẹ́ kí wọ́n fi sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà, kí wọ́n sì pín in dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí àti awakọ̀ tó gbé aboyún wá. Owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí adójútòfò máa san án, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá ọkọ aboyún dúnàádúrà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó kan ìgbà tí wọ́n ń gba owó adójútòfò lọ́wọ́ ará oko. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbowó lóṣooṣù, wọ́n sì lè yọ tirẹ̀ lóṣooṣù. Àgbẹ̀ Oríire kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wá béèrè owó ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ìgbà tí iṣu ṣì wà nínú ilẹ̀, kò ní lè san án, wọ́n á sì kọ sínú ìròyìn pé ará ìgbèríko kò fẹ́ adójútòfò. Kí OYSHIA rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá nígbà kaṣú, láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, kí wọ́n tún padà nígbà tí iṣu tuntun bá ti dé ọjà, kí wọ́n jókòó ti àwọn tó ń ra kaṣú, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ilé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.